Òkúta Ìràwọ̀ Nínú Irun Ewúrẹ́

Baálẹ̀ kò tíì fìdí kan àga dáadáa lánàá tí ẹjọ́ kan fi já wọ ààfin, tòun ti ariwo, tòun ti fóònù méjì, àti tọkọtaya kan tí wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin. Ọkọ ló pẹjọ́. Agbẹ́kànga ni. Kò sí ilé mẹ́ta tí ẹ máa wọ̀ ládùúgbò náà tí ẹ kò ní bá kànga tó gbẹ́ nínú ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀, onídìrí, jókòó sí òdìkejì, ó ń fa irun yọ lára òòyà rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó kàn yà kí baálẹ̀. Bí Agbẹ́kànga ṣe rí òòyà yẹn, ó tún fajú ro.

Ẹni méjì ló jókòó ti baálẹ̀: Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sínú ìwé, àti Ìyá Àgbà, tí kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀ tí kì í sì gbàgbé ohunkóhun.

"Ó yá, kí ni wọ́n ṣe fún ọ?" ni baálẹ̀ bi í.

"Kí ẹ pẹ́ fún wa, Baálẹ̀. Ìyàwó mi yìí kó òkúta ìràwọ̀ mọ́kànlá jọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, kò sì gbẹ́ ilẹ̀ rárá!"

"Òkúta ìràwọ̀? Níbo ni wọ́n ti ń wà á?"

"Nínú géèmù ni, Baálẹ̀."

"Ṣé ó jìnnà síbí?"

Tíṣà sọ ọ́ sí baálẹ̀ létí. "Inú fóònù ni, Bàbá. Ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó lọ rẹrẹ. Ẹni tó bá wọbẹ̀ á wá igi, á wá òkúta, á fi kọ́ ohunkóhun tó bá wù ú. Òkúta ìràwọ̀ ló ṣọ̀wọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀."

"Òkúta yẹn, ṣé ó ṣeé gbé dání?"

"Rárá, Bàbá."

"Ṣé ó ṣeé fi kọ́lé níta níbí?"

"Kò ṣeé ṣe."

"Ẹ sì gbé e wá bá mi láàárọ̀." Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Etí mi là sílẹ̀."

Agbẹ́kànga ṣàlàyé. Àbígbẹ̀yìn wọn, ọmọbìnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun. Òun ló fi géèmù náà sórí fóònù bàbá àti ìyá rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ ń lọ, pé kí wọ́n lè máa ríra. Ó kọ́ ilé kékeré kan sí erékùṣù nínú géèmù ọ̀hún, ilé tàwọn òbí rẹ̀ sì wà ní òdìkejì omi. Ọ̀ọ́kán ni wọ́n máa ń dúró, tí wọ́n á máa juwọ́ síra wọn.

"Mo wá ṣèlérí fún un, Baálẹ̀. Mo ní, 'Ọmọ mi, màá ṣe afárá dé ẹnu ọ̀nà rẹ.' Afárá yẹn kì í gba igi, omi á gbé e lọ. Òkúta ìràwọ̀ méjìlá ló ń gbà, kò sì gbọ́dọ̀ dín ẹyọ kan."

"Mélòó lo ti wà?"

Agbẹ́kànga wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ọ̀kan."

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù mẹ́ta."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Baálẹ̀ wo ẹni náà, ó sì panu mọ́.

"Kí lo wá fẹ́ ká ṣe fún ọ?"

"Kí ẹ pàṣẹ kó da mọ́kànlá tirẹ̀ sínú òkun inú géèmù. Kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ."

Onídìrí fò dìde. "Baálẹ̀, ẹ gbà mí o! Agogo méjìlá ọ̀sán òní ni ọkọ̀ ọmọ yìí máa ṣí ní èbúté. Tó bá ti ṣí, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún oṣù mẹ́fà gbáko. Mọ́kànlá tèmi, ọ̀kan ti ọkọ mi, méjìlá ti pé! Wọ́n gbé ọ̀kan yẹn sínú àpótí inú géèmù, wọ́n tì í pa, wọ́n ní òkúta àwọn kò ní bá òkúta ọ̀lẹ gbé pọ̀."

"Agogo mélòó ló lù báyìí?"

"Mẹ́wàá kọjá," ni Tíṣà wí.

"Ìyá, kí ló dé tí o ò wá ẹyọ kan kún tìrẹ?"

"Ewúrẹ́ ti pá, Baálẹ̀."

Tíṣà gbé bírò sókè, kò mọ bóun á ṣe kọ ọ́.

"Àwọn ewúrẹ́ kan wà lórí òkè nínú géèmù yẹn," ni Onídìrí ń bá a lọ. "Irun wọn gùn, ó ti dì, ó rí wúruwùru. Ogún ọdún ni mo ti ń dirun, Baálẹ̀. Mi ò lè rí orí tó rí báyẹn kí n kọjá lọ, inú mi ò ní dùn. Mo bá fi igi gbẹ́ òòyà. Mo mú èyí tó ṣíwájú, mo ya irun rẹ̀ láti iwájú dé ìpàkọ́. Gbì! Òkúta ìràwọ̀ já bọ́ sílẹ̀."

"Ta ló sọ fún ọ pé ó wà níbẹ̀?"

"Ẹnì kankan o! Irun yẹn ló ń yọ mí lẹ́nu ní tèmi. Ìgbà tó yá ló yé mi pé àwọn ewúrẹ́ náà máa ń fara họ àpáta, òkúta á wá há sí wọn lára. Márùn-ún ni mo rí kí irun tó tán. Kò ní hù padà, ó di oṣù tó ń bọ̀."

"Ṣé ẹ ń gbọ́ ọ?" Agbẹ́kànga na ọwọ́ sí i. "Ó jẹ́wọ́! Ewúrẹ́!"

"Jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "Márùn-ún nìyẹn. Mẹ́fà tó kù ńkọ́?"

"Alájàpá kan máa ń gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, Màmá. Ó ní òkúta náà nínú ẹrù, búrẹ́dì ló sì fi ń pààrọ̀. Mo yan búrẹ́dì fún un, mẹ́fà sí òkúta kan, mo gba mẹ́ta. Ológbò kan tún wà tí mo máa ń fún ní ẹja. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, mo la ojú, ó ti gbé ọ̀kan síwájú ibùsùn mi, ó ń wò mí."

"Ológbò!" Agbẹ́kànga fọwọ́ bojú.

Tíṣà ka ohun tó kọ. "Mẹ́sàn-án ni mo kà. Méjì dà?"

Onídìrí tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ irun lára òòyà. "Méjì yẹn... ẹnì kan ló fún mi. Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́rìí kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná."

Baálẹ̀ kọjú sí Agbẹ́kànga, ó ní kó sọ bí òun náà ṣe wá tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni ọkùnrin náà ti ń retí láti àárọ̀. Ó na ẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ sì yí padà, ó di ohùn ẹni tó mọ iṣẹ́.

"Bó ṣe yẹ kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ni mo ṣe gbẹ́ ẹ, Baálẹ̀. Mo wọn ẹnu rẹ̀ kó rí roboto. Mo ń gbẹ́ ẹ, mo ń fi òkúta tẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yípo kó má baà ya lù mí. Bí òjò bá rọ̀, mi ò wọlé. Tí mo bá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, màá kọ́kọ́ sọ iná sísàlẹ̀ wò bóyá afẹ́fẹ́ burúkú ti kún ibẹ̀. Mi ò sì fìgbà kan wọ̀ ọ́ láìsí ẹni tó dúró lókè."

Ìyá Àgbà bi Onídìrí pé, "Ilẹ̀ inú fóònù, ṣé ó máa ń ya?"

"Kì í ya láéláé, Màmá! Tí ẹ bá gbẹ́ abẹ́ òkè kúrò pátápátá, òkè á kàn dúró sójú òfuurufú ni. Kò sí afẹ́fẹ́ burúkú níbẹ̀. Kò tiẹ̀ sí afẹ́fẹ́. Mo ti sọ fún wọn títí. Mo ní ẹ jáde nínú ihò yẹn, ẹ wá bá mi mú ewúrẹ́ dání."

"Kànga ni! Kì í ṣe ihò!"

"Ṣé omi wà níbẹ̀?"

"Ìwọ obìnrin yìí..."

"Ó tó," ni baálẹ̀ wí. "Bí wọ́n ṣe sọ fún ọ pé ilẹ̀ kì í ya, kí lo wí?"

"Gbogbo ilẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, Baálẹ̀."

Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ wọlé. Wẹ́dà ni, ọ̀rẹ́ Agbẹ́kànga tímọ́tímọ́, òun gan-an ló ń dúró lẹ́nu kànga inú géèmù láti oṣù mẹ́ta. Agbẹ́kànga rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe rí i. Ẹlẹ́rìí tó dá a lójú jù lọ nìyẹn.

"Ṣé òótọ́ ni pé o dúró?"

"Mi ò yẹsẹ̀, Baálẹ̀. Mo di okùn mú gírígírí."

"Okùn wà nínú géèmù?"

"Ó... kò sí."

"Kí lo wá dì mú?"

"Mo kàn na ọwọ́ ni, Baálẹ̀. Ọ̀gá ní kí n ṣáà na ọwọ́."

"Oṣù mẹ́ta lo fi nawọ́, o ò ṣe nǹkan mìíràn?"

"Kò sí nǹkan mìíràn."

Ìyá Àgbà tẹ̀ síwájú díẹ̀. "Wẹ́dà, kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga yẹn?"

"Odò ni, Màmá."

"O ò sì ju ìwọ̀ sódò rí?"

Wẹ́dà họ orí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ẹ̀ẹ̀kan?"

"Lójúmọ́, Màmá."

"Kí lo rí fà jáde?"

"Bàtà ẹsẹ̀ kan. Ìkòkò tó ti fọ́. Ẹja kéékèèké. Àti... òkúta ìràwọ̀ méjì."

Agbẹ́kànga ò mọ ìgbà tó dìde. "Mo wà nísàlẹ̀ kànga! O ń pẹja lókè!"

"Mò ń gbọ́ ohùn yín, ọ̀gá. Tí ohùn yín bá ti dákẹ́, kíá ni mo máa ń yọjú wò yín."

"Òkúta méjì ọ̀hún dà?"

Wẹ́dà wo Onídìrí. Onídìrí wo àjà ilé.

"Ìyàwó yín bá ìyàwó mi dirun lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀gá. Irun yẹn dára gan-an."

Inú Agbẹ́kànga bàjẹ́. Ó jókòó. Kí ológbò dalẹ̀ ẹni, ìyẹn ṣì dáa díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹni tó dúró sẹ́nu kànga yíjú sí odò, kò rò ó rí láyé rẹ̀.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí kejì. Oníbúrẹ́dì àdúgbò ni, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Agbẹ́kànga ló pè é, kó wá jẹ́rìí pé búrẹ́dì ò ṣeé fi pààrọ̀ òkúta níbikíbi láyé.

"Èmi? Géèmù? Pẹ̀lú irun funfun yìí?" ni Oníbúrẹ́dì wí. "Baálẹ̀, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè. Mi ò wọbẹ̀ rí."

"Ó dáa," ni Tíṣà wí, ó ń kọ ọ́. "Búrẹ́dì mẹ́fà sí òkúta kan, gẹ́gẹ́ bí ìyá yìí ṣe..."

"Mẹ́jọ!" Oníbúrẹ́dì ò jẹ́ kó parí rẹ̀. "Mẹ́jọ ni. Àfi tí òjò bá ń rọ̀ ló máa ń gba mẹ́fà."

Gbogbo ojú yí sí i.

"Ta ló sọ fún ọ?" ni baálẹ̀ béèrè, ohùn rẹ̀ tutù.

"Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn ni."

"Ènìyàn wo?"

"Alájàpá yẹn náà ni, Baálẹ̀."

Ẹ̀rín gba ààfin. Baálẹ̀ pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Agbẹ́kànga nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ń wo fóònù tó wà lórí itan rẹ̀, níbi tí àpótí títì pa yẹn wà. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ rí i.

"Ọmọ mi," ó wí fún un jẹ́jẹ́, "o rí i pé ìyàwó rẹ ń rí òkúta lórí ewúrẹ́. O rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ ò so èso fún ọ. Kí ló dé tí o ò gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀?"

Agbẹ́kànga gbé ọwọ́ lé orúnkún rẹ̀.

"Orúnkún mi ni, Màmá. Ó ti lé lọ́dún kan tí mi ò tíì wọ kànga. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ló ń wọ̀ ọ́, èmi á dúró lókè, màá máa sọ pé ẹ ṣe báyìí, ẹ ṣe bọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n nínú géèmù yẹn, orúnkún kì í dùn mí. Mò ń sọ̀ kalẹ̀, mò ń gòkè, bíi ti àtijọ́. Mo sì fẹ́ kí ọmọ mi gun ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi wà jáde. Ìyẹn náà ni."

Òòyà dúró lọ́wọ́ Onídìrí. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Bàbá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ pé kí ni? Pé mo ti darúgbó?"

"Mo pè é ní ihò." Omi fẹ́ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ má bínú. Kànga ni. Mo ti yọjú sí i nígbà tí ẹ sùn, ó dúró roboto, kò wọ́ níbì kankan. Kànga tó dáa ni."

Baálẹ̀ wá ní kí wọ́n gbé fóònù wá. Ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì.

"Báwo lẹ ṣe ń rìn nínú rẹ̀?"

"Àtàǹpàkò òsì ló ń rìn, Baálẹ̀," ni Onídìrí wí. "Ti ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gbẹ́, òun ló ń yarun, òun ló ń kọ́lé."

"Ó dáa. Ẹ dìde, ẹ gbọ́ ìdájọ́."

Gbogbo wọn dìde.

"Wẹ́dà. Ẹni tó gbà láti dúró sẹ́nu kànga kì í pẹja. Láti òní títí irun àwọn ewúrẹ́ yẹn á fi hù, ọ̀dọ̀ wọn ni wàá wà lórí òkè, wàá máa lé eṣinṣin fún wọn."

"Baálẹ̀, kò sí eṣinṣin nínú géèmù."

"Wàá máa retí wọn. Oníbúrẹ́dì, o purọ́ níwájú mi. Búrẹ́dì mẹ́jọ lọ́la, èyí tó gbóná, èyí tó ṣeé jẹ."

"Tí òjò bá rọ̀ ńkọ́, Baálẹ̀?"

"Mẹ́jọ náà ni. Agbẹ́kànga, Onídìrí, ẹ̀yin méjèèjì jẹ̀bi. Ìwọ ń gbẹ́lẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni, ìwọ ń ya gbogbo ẹran ayé lóòyà, o ò sì yẹ ojú ọkọ rẹ wò. Tíṣà á gba fóònù kan pamọ́. Títí ọmọ yín á fi dé, orí fóònù kan ṣoṣo lẹ ó ti máa ṣeré. Ìyá, òsì ni tìrẹ, ìwọ lò ń rìn. Bàbá, ọ̀tún ni tìrẹ, ìwọ lò ń ṣiṣẹ́. Ìyá, bí ọkọ rẹ bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀, àfi kí o gbé e débẹ̀. Bí ìwọ náà bá fẹ́ yarun, ọwọ́ tirẹ̀ ni òòyà máa wà."

"Oṣù mẹ́fà, Baálẹ̀?" Agbẹ́kànga figbe ta. "Ẹ kúkú tì mí mọ́lé!"

"Mo ti tì ọ́ mọ́ ọn. Agogo mélòó?"

"Mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú!"

"Ẹ wá ṣí àpótí yẹn níbí, lójú mi."

Agbẹ́kànga ò jiyàn. Ó ṣí àpótí, ó mú òkúta kan ṣoṣo rẹ̀ jáde, ó sì gbé e fún ìyàwó rẹ̀ kí Tíṣà tó gba fóònù náà. Wọ́n wá jókòó sórí bẹ́ńṣì kan, èjìká kan èjìká, fóònù kan láàárín wọn. Ìyẹn ni ọjọ́ kẹrin ìjà, wọn ò sì súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ dúró níbẹ̀, èmi ló ń rìn!"

"Ìwọ lò ń rìn wọ omi yẹn! Yà! Yà sápá kejì!"

Wọ́n ṣubú sómi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan, Agbẹ́kànga ń tẹ ọwọ́ ọ̀tún láìdúró, ó sì lu ògiri ilé wọn wó. Baálẹ̀ ti kúrò lórí àga, ó dúró sẹ́yìn wọn, ó ń pariwo ju ẹnikẹ́ni lọ. Níkẹyìn, òkúta méjèèjìlá pé lórí tábìlì iṣẹ́, afárá sì jáde. Wọ́n ń tẹ́ ẹ sórí omi, ẹsẹ̀ kan, ọwọ́ kan, ẹsẹ̀ kan, ọwọ́ kan. Oníbúrẹ́dì ti pe ọmọ náà lórí fóònù tirẹ̀ kó wọ inú géèmù kíákíá.

"Màámi?" Ohùn Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gba inú fóònù wá. "Ta ló ń darí yín? Ẹ̀ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́!"

"Èmi àti bàbá rẹ ni! Máa bọ̀! Máa bọ̀, ọmọ mi!"

Àwòrán ọmọbìnrin kékeré kan, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ inú géèmù, yọ lẹ́nu ọ̀nà ilé orí erékùṣù. Ó dúró létí omi díẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé afárá, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kò dúró títí tó fi dé iwájú wọn.

"Bàbá mi, ta ló wá àwọn òkúta yìí?"

Oṣù mẹ́ta ni Agbẹ́kànga ti ń retí ìbéèrè yẹn.

"Màmá rẹ ni," ó wí. "Mọ́kànlá ni màmá rẹ wá."

"Irọ́ ni!" ni Onídìrí wí. "Bí kò bá sí ti bàbá rẹ, kò ní sí afárá. Inú kànga ni wọ́n ti wà á."

Kò sí bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ nínú géèmù yẹn, lílóṣòó nìkan ló wà. Ọmọ náà lóṣòó fún wọn, ó dìde, ó tún lóṣòó. Agbẹ́kànga fẹ́ kí i padà, ó sáré tẹ ọwọ́ ọ̀tún, ni ó bá gbá ọmọ náà ní ẹ̀ṣẹ́ láyà.

"Bàbá mi! Ẹ gbá mi lẹ́ṣẹ̀ẹ́!"

"Ìkíni ni! Mò ń kí ọ ni! Kú àbọ̀!"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rẹ́rìn-ín títí ohùn rẹ̀ fi ń já. Fèrè ọkọ̀ òkun dún lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ náà ń sọ nǹkan kan nípa oṣù mẹ́fà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì gé e. Ọmọbìnrin kékeré náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn nínú géèmù, kò mira mọ́.

Baálẹ̀ ní ẹjọ́ ti parí, kí gbogbo ènìyàn máa lọ sílé. Wẹ́dà lọ, Oníbúrẹ́dì lọ, Tíṣà ti ìwé rẹ̀. Tọkọtaya náà ò gbọ́. Onídìrí ń fi àtàǹpàkò òsì rìn díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè dúró ti ọmọ náà, Agbẹ́kànga sì gbé ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sókè kúrò lára fóònù, kó má baà tún gbá a.